Ṣé Kí N Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Lọ Sídìí Aró?

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 23, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ ti máa ń pẹ́ kí ó tó gba nǹkan: kò mọ̀wé kà, kò sì lè ka nǹkan kọjá márùn-ún. Ìyá aláró kan ládùúgbò ní kí ó wá máa bá òun ṣiṣẹ́, láìgbowó. Ẹ̀rù ń ba ìyá náà pé wọn yóò fi ọmọ òun ṣẹ̀sín, wọn yóò sì rẹ́ ẹ jẹ. Ó parí lẹ́tà rẹ̀ báyìí: “Bí mo bá kú, ta ni yóò máa mójú tó o?”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun gan-an ni ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ jáde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀ kò ní ẹnì kan mọ́ bí ìyá bá lọ. Ẹ ní bí àlejò bá dé, yàrá ẹ̀yìn ni ẹ máa ń ní kí ó wọ̀ lọ kí ojú má baà tì í. Ẹ má bínú, mo rò pé ìtìjú tiyín ni ẹ ń bò. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó láàárín àlejò, kí ẹ rán aṣọ ẹbí fún un bí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó bá dé, kí ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí ẹ ti ń jọ́sìn, ìbáà ṣe àga títò. Àwọn tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí ó máa ń bà á lẹ́rù, ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kò bá rí i.

Ẹbí yín ní kí ẹ dúró títí orí rẹ̀ yóò fi pé kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má dúró. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìsàn tí orí òkè yóò wò. Bí òun ṣe ń gba ẹ̀kọ́ nìyẹn, ibi iṣẹ́ gan-an ni yóò sì ti kọ́ṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láyé 1970 síwájú, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Marc Gold kọ́ àwọn tí wọ́n ti kà sí aláìlèkọ́ bí a ṣe ń to bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí ó ní ègé 15 pọ̀: ó pín iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, ó sì ń fi ọwọ́ júwe ju ẹnu lọ.

Kí ìyá aláró ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, nítorí kọ́sítíkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró lóde òní máa ń jó ni lára. Kí ó fi omi lásán rin aṣọ tí wọ́n ti fi ìko dì, kí ó fún omi ara rẹ̀ dànù, kí ó rì í bọ inú ìkòkò aró, kí ó yọ ọ́, kí ó sì na án sí atẹ́gùn títí àwọ̀ ewé tí ó gbé jáde yóò fi di dúdú bí aró. Àwọ̀ yẹn ni yóò sọ fún un pé ó tó àkókò láti tún un rì. Kò nílò aago. Ní ti iye ìgbà, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ méje sínú abọ́, kí ó máa mú ẹyọ kan sínú abọ́ kejì lẹ́yìn ìrìbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí abọ́ àkọ́kọ́ bá ṣófo, ó parí. Kí ìko títú dúró ná, nítorí abẹ máa ń fa aṣọ ya lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Kí ọmọṣẹ́ onísùúrù kan dúró tì í, kí ó sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni àìgbowó. Ọmọṣẹ́ gbogbo ló ń fi ìgbà kan kọ́ṣẹ́ láìgbowó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjọ́ tí wọn yóò gba ìgbòmìnira. Irú ọmọ yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, tí yóò máa pọnmi, tí yóò máa gbálẹ̀ fún ọ̀gá títí ewú yóò fi bo orí rẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí owó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ó kéré mọ. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá lẹ́nu iṣẹ́ léèwọ̀; ṣùgbọ́n ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ní kí wọ́n gbà síṣẹ́, iṣẹ́ ìjọba ló kàn, ẹ má sì jókòó dè é.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó fi gba owó náà. Ẹ má fi àwọ̀ kọ́ ọ ní owó, nítorí láti ìparí 2022 tí wọ́n ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, àtijọ́ àti tuntun ni a jọ ń ná. Orí ènìyàn ni kí ẹ fi kọ́ ọ: orí méjì wà lára ẹgbẹ̀rún náírà, orí kan ṣoṣo lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ní ti ẹ̀sín, n kò ní purọ́ fún yín, àwọn kan yóò ṣe é. Kí ìyá aláró kìlọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n máa pè é.

Ohun kan ni n kò rí nínú lẹ́tà yín: kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí? Kí ẹ tó fún ìyá aláró lésì, ẹ mú un lọ sídìí aró, kí ó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà wò. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ẹ béèrè èyí tí ó wù ú, kí ẹ sì tún kọ̀wé sí mi.