Igi pupa orí tábìlì wa

Àbúrò tó ń lọ sí Zaria láti lọ kọ́ iṣẹ́ kọntiróólà, ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, béèrè pé: bí wọ́n bá gbé rédà tuntun, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, sí gbogbo pápákọ̀ òfurufú wa, ṣé ewu á tán, ṣé bàálù ò ní máa dá èèyàn dúró mọ́? Mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ. Ọ̀pọ̀ wọn ní owó ni, ẹ̀rọ ni. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó ti rédíò, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́ nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ.

Ká kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí wa ni rédà. Awakọ̀ á pè, á ní ibi báyìí lòun wà, gíga báyìí lòun ń fò, wàá kọ ọ́ sórí pélébé ìwé tó wà níwájú rẹ, wàá sì máa fọkàn ya àwòrán gbogbo wọn. Bí méjì bá wà ní gíga kan náà lójú ọ̀nà kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa ń fi sáàárín wọn. Fún jẹ́ẹ̀tì tó ń sáré máìlì 480 ní wákàtí kan, máìlì 80 nìyẹn. Tẹ̀yìn á máa kùn, epo rẹ̀ á máa jó. Nígbà tí TRACON, ètò rédà tó kárí Nàìjíríà, dé, tí rédà wà l'Ékòó, Abuja, Kano, Port Harcourt, Ìlọrin àti ibòmíì, a ti lè sún wọn mọ́ra wọn. Ibi tí àwòrán rédà bá ti mọ́ gaara, máìlì 5 pàápàá tó. Síbẹ̀, awakọ̀ tó ń la òfurufú Áfíríkà kọjá ṣì máa ń sọ ibi tó wà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì rédíò 126.9, bí ọdẹ tó ń súfèé síra wọn nínú igbó. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ló fi ètò yẹn lélẹ̀. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fà á.

Wàyí o, wo Haneda ní Tokyo. Ẹ̀rọ kí ni wọn ò ní níbẹ̀? Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, kọntiróólà sọ fún bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun pé òun ni nọ́ńbà kìíní, kó wá dúró sí ẹnu rọ́nwéè, ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí. Àwọn yẹn gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti wọlé. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, bàálù ńlá A350 fi balẹ̀ lé wọn lórí. Márùn-ún kú nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú bàálù kékeré náà. Gbogbo èèyàn 379 tó wà nínú ńlá jáde láàyè, iṣẹ́ Ọlọ́run àti iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù. Ohun tó ká mi lára jù ni pé àwọ̀ ti yí padà lójú ẹ̀rọ nínú táwà láti sọ fún àwọn kọntiróólà pé ẹnìkan wà lórí rọ́nwéè. Kò sẹ́ni tó rí i.

Mo mọ bí èèyàn kì í ṣeé rí i. Tèmi rèé.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni, ní pápákọ̀ tí n ò ní dárúkọ. Òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn tó ń yẹ ojú rọ́nwéè wò béèrè lórí rédíò pé káwọn wọlé lọ wo bóyá omi dúró, mo ní kí wọ́n máa lọ. Fóònù dún. Ibùdó kejì ń fún mi ní àsìkò tí bàálù mẹ́ta máa dé, mo ń kọ ọ́. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, bàálù kan pè pé òun ti kọjú sí rọ́nwéè, ó ku máìlì 5. Mo wo ìta. Omi ṣì ń ṣàn lára gíláàsì, iná ẹ̀gbẹ́ rọ́nwéè ń tàn wínníwínní, n ò rí nǹkan kan. Mo wò ó dáadáa o, kì í ṣe pé n ò wò ó. Mo ní kó máa balẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń po tíì lẹ́yìn mi. Òun ló ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ṣé àwọn ará mọ́tò yẹn ti jáde?"

Ẹnu mi gbẹ. Mo ní kí bàálù náà gbéra sókè padà, ó gbéra. Ìgbà yẹn ni mo tó wá rí iná orí mọ́tò náà, pupa rúsúrúsú láàárín àwọn iná funfun, bí ẹni pé ó ti ń ṣẹ́jú sí mi láti ìgbà yẹn. Awakọ̀ béèrè ìdí. Mo ní mọ́tò wà lórí rọ́nwéè. Ó ní "Roger", ó sì yí padà wá balẹ̀. Èrò inú bàálù á ti rò pé òjò ló fà á.

Fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. N ò kọ ọ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá kọ ọ́, kúẹ́rì ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, mo sì ń retí ìgbéga. Mo bẹ ọmọ yẹn kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣíìfù mìíràn ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́, ní rọ́nwéè kan náà. Dírẹ́bà mọ́tò ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ní kí bàálù máa balẹ̀, ló bá já sínú koríko. Mọ́tò dojú dé sínú gọ́tà, èjìká ọkùnrin náà yẹ̀. Ká ní mo ti lanu sọ tèmi ni, èjìká yẹn ò bá má yẹ̀. Títí di òní, bí mo bá pàdé rẹ̀ níbi òde, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, mo dìde, mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà kò fún mi ní kúẹ́rì. Ó ní, "Kí la máa ṣe tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò fi ní ṣẹlẹ̀?" A ní kí káfíńtà gé igi pẹlẹbẹ kan tó gùn bíi pélébé ìwé wa, a kùn ún ní pupa, a kọ RUNWAY sí i. Kó o tó gba mọ́tò láyè, wàá fi igi náà sí ojú ibi tí ìwé rọ́nwéè wà. Kó o tó sọ pé kí bàálù balẹ̀, wàá fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Bó o bá bá igi níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ lanu. Owó rẹ̀ ò tó ti mínírà kan.

Etí náà tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1989, bàálù ẹlẹ́rù 747 kan ń lọ sí Subang ní Malaysia. Kọntiróólà ní kó sọ̀ kalẹ̀ sí "two four zero zero", ìyẹn ẹsẹ̀ 2,400. Awakọ̀ gbọ́ "two" yẹn bíi "to", ó fèsì pé "four zero zero". Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Wọ́n forí sọ òkè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá ń tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, má kọ nǹkan mìíràn. Fi bírò rẹ tọ nọ́ńbà tó o kọ, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó o ti ń retí ni etí rẹ á fẹ́ gbọ́. Bí bàálù méjì tí orúkọ wọn jọra bá sì wà lórí rédíò, sọ fún àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀.

Ní ti dídá èèyàn dúró, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Rọ́nwéè kejì l'Ékòó, èyí tó wà lápá àwọn bàálù abẹ́lé, wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí iná. Nígbà náà, ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo wọn á kó sórí ẹyọ kan, ẹni tó balẹ̀ á tún máa yí po kó tó dé ibi tó ń lọ, epo ń jó. Iná ni wọ́n nílò, kì í ṣe rédà. Bí èèyàn ńlá bá sì fẹ́ gbéra, a ó ti òfurufú pa, gbogbo ayé á dúró dè é. Ẹ̀rọ kan ò lè wo ìyẹn sàn.

Èèyàn tí kò tó ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ máa pariwo lé lórí. Ní òru ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2002, kọntiróólà kan ṣoṣo ló ń mójú tó tábìlì méjì ní Zürich, ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ sinmi. Bàálù méjì kọlura lókè Überlingen ní Jámánì, èèyàn 71 ló kú. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, lóru, tábìlì méjì, oorun ń kùn mí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì, mo fẹ́ mú igi pupa yẹn lọ sílé. Ọmọ tó po tíì lọ́jọ́sí ló jókòó sídìí tábìlì, ó ti di ọ̀gá ṣíìfù. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, mọ́tò wà lórí rọ́nwéè báyìí."