Ìbòrí Ẹ̀gbẹ́ Alùpùpù Tí Ń Já Lójú Ọ̀nà

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe fún ìrìnàjò jíjìn ni mo ń gùn, ó sì ti pé ọdún 11. Ìbòrí oníke tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó kò ní bóòtì kankan, ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ní oṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń sáré bí 110 kìlómítà ní wákàtí kan, ti apá òsì já, ó fò lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì tẹ̀ ẹ́ rún. Mo ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n òun náà ti ń mì. Mẹkáníìkì mi ní kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí a jọ ń gun alùpùpù ní kí n lu ihò sí i, kí n fi bóòtì dè é. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọpẹ́ ni pé ike nìkan ló bá a lọ, nítorí ìbòrí tó já ní òpópónà márosẹ̀ lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú ìmọ̀ràn méjèèjì yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ìdí rẹ̀ láti ara ohun tó ń di ìbòrí náà mú.

Bí ẹ bá dojú ìbòrí náà dé, ẹ ó rí èèkàn ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yọ síta lẹ́yìn rẹ̀, tí orí wọn wú ju ọrùn wọn lọ díẹ̀. Òrùka rọ́bà tó wà nínú ihò ara férémù ni àwọn èèkàn yìí ń wọ̀. Bí a bá tẹ èèkàn, rọ́bà a là fún orí rẹ̀, a sì tún padà fún ọrùn rẹ̀ mọ́ra. Rọ́bà yìí náà ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì sára kí ó má baà dé ara ike. Nítorí náà, rọ́bà gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ìdìmú, èèkàn kàn wà níbẹ̀ kí rọ́bà lè rí ohun fún mọ́ra ni.

Ooru ẹ́ńjìnnì àti ọjọ́ orí a máa ba rọ́bà jẹ́. Ẹ fi èékánná tẹ òrùka kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó ṣì dára a gba èékánná, ojú ibẹ̀ a sì padà sí bó ṣe wà. Èyí tó ti kú a le gbagidi, ẹ ó sì rí ìlà wẹ́wẹ́ ní etí ihò rẹ̀, bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú kó sán. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ìbòrí tuntun lẹ rà, ṣùgbọ́n inú rọ́bà ọdún 11 lẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ìdí tó fi ń mì nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kì í já nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí afẹ́fẹ́ bá rí àyè wọ ẹ̀yìn ìbòrí tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, ohun tó lè máa tì í síta ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan tó ìwúwo kìlógíráàmù 1, ṣùgbọ́n ní 100 kìlómítà, ó lé ní kìlógíráàmù 4. Òrùka tó ti gbó lè fara da ti àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfura, kí èkejì sì já a gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo òrùka rọ́bà náà lẹ́ẹ̀kan náà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ní. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù yín ń tà, ẹ wọn ihò inú òrùka, ẹ wọn ihò ara férémù, ẹ sì wọn bí irin náà ṣe nípọn tó, nítorí èyí tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀ nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní dúró dáadáa. Omi tí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí tó láti mú kí èèkàn wọlé wẹ́rẹ́, yóò sì gbẹ tó bá yá. Ẹ má fi gírísì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kùn ún, torí àwọn rọ́bà kan wà tí epo ń mú wú, tí wọ́n á sì dẹ̀ kọjá ààlà.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àárín ìbòrí ni wọ́n máa ń gbá, bẹ́ẹ̀ èèkàn kò sí níbẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀gangan èèkàn kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọwọ́ yín yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé orí rẹ̀ ti kọjá sínú, kí ẹ sì rọra fa igun kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn náà. Nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ di ẹ̀gbẹ́ èèkàn mú kí ẹ sì fà á síta gbọọrọ. Ẹni tó bá ká igun kan sókè tó sì fi lọ́ ọ, ọrùn èèkàn ló ń dá. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ínrín ní ọrùn èèkàn, ike náà ti ń ya, kò sì ní pẹ́ dá.

Èèkàn tó bá dá ṣeé tún ṣe. Ẹ wo ẹ̀yìn ìbòrí náà fún lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ike, òun ló ń sọ irú ike tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ABS, ẹ lè yọ́ èérún ike irú rẹ̀ nínú acetone, ìyẹn oje olómi kan tó ń yọ́ irú ike yìí, títí yóò fi ki, kí ẹ fi lẹ èèkàn padà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná má sì sí nítòsí. Bí ó bá jẹ́ PP, ìyẹn ike polypropylene, acetone kò ní yọ́ ọ.

Lórí ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, lẹ́yìn irú ìbòrí yìí ni bátìrì tàbí fíúsì sábà máa ń wà. Ọjọ́ tí iná alùpùpù bá kú lójú ọ̀nà lálẹ́, ṣé ẹ ó fọ́ ìbòrí ni kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀? Ti bóòtì náà, bí ike bá fara kan irin láìsí rọ́bà láàárín wọn, gbígbọ̀n yóò máa ṣiṣẹ́ ní etí ihò tí ẹ lù, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún rọ́bà tuntun ni okùn ìdákọ̀ró. Èmi náà ti sọ ìbòrí kan nù rí, láti ọjọ́ náà n kì í gùn jáde láìsí i. Ẹ so wáyà irin tín-ínrín tí wọ́n fi ike bò mọ́ ìdí èèkàn kan, kí ẹ sì so orí kejì mọ́ férémù. Kí ó gùn tó láti jẹ́ kí ẹ yí ìbòrí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín lè dé bátìrì, ṣùgbọ́n kí ó kúrú tó pé, bí ìbòrí bá já, kò ní dé ọ̀dọ̀ táyà ẹ̀yìn, ṣéènì tàbí sàlẹ́ńsà. Ẹ dán èyí wò níbi tí alùpùpù ti dúró, ẹ jẹ́ kí ìbòrí náà rọ̀ dirodiro, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí ibi tó dé.

Ìbéèrè: Àwọn bóòtì kéékèèké tó di ìbòrí iwájú alùpùpù mi mú máa ń tú. Mo kán oje tí kì í jẹ́ kí bóòtì tú sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ike ti ya ní etí ihò mẹ́ta. Ṣé mo dè é le jù ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹ dè é le jù, ṣùgbọ́n oje yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Irin sí irin ni wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá ṣàn kan ike bí ABS tàbí polycarbonate tí bóòtì fún mọ́lẹ̀, ó lè mú kí ike náà ya. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ lo nọ́ọ̀tì tó ní òrùka náílọ́nù nínú níbi tí àyè bá gbà á, kí ẹ sì fi wáṣà náílọ́nù sí abẹ́ orí bóòtì. Ìka ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo bóòtì, ẹ má de ọ̀kankan le títí gbogbo wọn yóò fi wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìbòrí yóò dúró lọ́nà wíwọ́, ìnira rẹ̀ yóò sì wà lára ihò kan ṣoṣo. Bí wáṣà bá ti fara ti ike, ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ tún wọn wò lẹ́yìn 100 kìlómítà àkọ́kọ́.

Ní ti ibi tó ti ya, ẹ lu ihò tó tó mìlímítà 3 sí òpin ìlà náà gan-an kí ó má baà gùn sí i, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn.