Àpólà igi, awẹ́ obì: kí ni wọ́n ń wá nínú gírámà?

Ìyá kan ní Ṣágámù béèrè pé: tíṣà Yorùbá ọmọ òun pe phrase ní àpólà, ó pe clause ní awẹ́ gbólóhùn. Ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì nínú Gẹ̀ẹ́sì, WAEC sì ń bọ̀. Kí ló kan igi àti obì níbẹ̀?

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ̀yin tí ará òkè Ọya ń wá ra gbànja lọ́wọ́ yín, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín tipẹ́.

Ẹ mú gbànja kan, ẹ fi èékánná là á. Awẹ́ méjì ni. Ẹ sọ awẹ́ kan sẹ́nu: obì náà lẹ jẹ, kíkorò rẹ̀ pé. Awẹ́ gbólóhùn rí bẹ́ẹ̀. Ó ní olùwà, ìyẹn ẹni tàbí ohun tó ń ṣe nǹkan, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí olùwà náà ń ṣe. Àpólà igi ńkọ́? Igi ni, ó wúlò, àmọ́ kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé. Phrase nìyẹn: àkójọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí kò ní olùwà òun ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Bí ó ṣe yé mi nìyẹn, orúkọ méjèèjì sì dùn mọ́ mi gan-an.

"After the rain", lẹ́yìn òjò: àpólà. "After the rain stopped", lẹ́yìn tí òjò dá: awẹ́ gbólóhùn, torí òjò ṣe nǹkan, ó dá. "After" kan náà ló ṣáájú méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ ti ń yọ̀. Yorùbá tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, ó fi "tí" ṣe àmì.

Kí ọmọ má fi gígùn wọ̀n ọ́n o. "The big basket of kola nuts at the market gate" gùn, síbẹ̀ àpólà ni. "If it rains" kúrú, awẹ́ gbólóhùn ni, bí kò tilẹ̀ lè dá dúró. Afarahẹ là ń pe irú rẹ̀. "Walking to the market" ní ìrìn nínú, ṣùgbọ́n ta ló ń rìn? Àwọn onímọ̀ èdè kan á pè é ní clause. Ní sẹ́kọ́ńdìrì wa, phrase ni.

Bí WAEC bá yọ àkójọ ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà, kí ọmọ kọ́kọ́ wá olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, kó tó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Nínú "We left after the rain stopped", awẹ́ kejì ń sọ ìgbà tí a kúrò. Adverbial clause ni kó kọ, kó sì fi kún un pé "left" ló ń yán, ìyẹn ni pé ìtumọ̀ "left" ló ń là yé wa sí i.