Ìbọn ike mi ń ké krrr, ṣé sípíríǹgì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bùọ̀dá mi tó wà ní London ló fún mi ní ìbọn airsoft oníbátìrì lọ́dún tó kọjá, ìbọn ìṣeré tó ń yin ọta ike, irú tó jọ ìbọn sójà M4 yẹn, àgbàlá wa ní Challenge la ti máa ń fi í yin agolo mílíìkì. Bátìrì 7.4V ló bá a wá, mo wá lọ ra 11.1V torí ọ̀rẹ́ mi ní á yára, ó dẹ̀ yára lóòótọ́ o, àmọ́ láti Sátidé ó kàn ń ké krrr ni, ọta ò jáde mọ́. Ọ̀rẹ́ mi yẹn náà ló tún ní kí n lọ ra sípíríǹgì M120. Ẹ gbà mí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, àbí òun ló ń tà á ni? Tí motor bá ń yí tó ń ké krrr tí ọta ò jáde, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ eyín písítìnì ló ti jẹ tán. Wò ó, motor tó wà nínú ibi tóo fi ń di ìbọn yẹn mú ló ń yí gíà mẹ́ta, èyí tó gbẹ̀yìn ló ń fi eyín fa písítìnì sẹ́yìn, sípíríǹgì á fún pọ̀, tí eyín gíà bá ti tán á jù ú sílẹ̀, písítìnì á já síwájú, atẹ́gùn á dẹ̀ ti ọta jáde. 11.1V wá ń sáré débi pé písítìnì ò tíì délé tí gíà á tún ti gbá a mú, pàápàá tóo bá tẹ trígà mọ́lẹ̀ tó ń ró tatatata. Eyín ike dẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe?

Tóo bá máa tú u, kọ́kọ́ yọ bátìrì, dẹ̀ ṣọ́jú ẹ torí sípíríǹgì yẹn lè fò. Wàá rí i tí gíríìsì ti dúdú, tí ike wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Nù ú mọ́ tónítóní, ra písítìnì eléyín irin, kóo wá fi wáṣà tínrín há gíà yẹn kó máa yí geere láì mì, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, má kánjú. Fìka dí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde kóo ti písítìnì, tó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ a jẹ́ pé atẹ́gùn ń jò, pààrọ̀ òrùka rọ́bà orí ẹ̀. Rọ́bà hop-up tó ń jẹ́ kí ọta máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ náà ni kóo wò, òun ló ń gbé ọta jìnnà, kì í ṣe agbára sípíríǹgì nìkan.

M120 kẹ̀? Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí sípíríǹgì ṣe le tó. M100 ń yin ọta 0.20g ní bíi mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn agbára joule kan. M120 á sún mọ́ 1.4, ó dẹ̀ ju 1.3 tí òfin ìlú bùọ̀dá ẹ gbà fún ìbọn tó ń tú ọta léraléra, gbogbo gíà ló máa ru ẹrù ẹ̀. MOSFET ni kóo fowó ẹ̀ rà, ìyẹn swíìṣì kékeré tó ń gbé iná bátìrì kọjá dípò trígà, kí ẹnu trígà má máa jó, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Queen Cinema á bá ẹ sọ́dà ẹ̀. Má kàn gbé ìbọn yẹn dání lọ síbẹ̀ o jàre, tú inú ẹ̀ sínú ọ̀rá, ọlọ́pàá ò ní bèèrè bóyá ọta ike ni.

Padà sí 7.4V. 11.1V yẹn, tà á fún ọ̀rẹ́ ẹ.