Ẹ Bi Mí: Ta Lẹ Tiẹ̀ Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lósù yìí pọ̀ gan-an, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò ló ń da ọ̀pọ̀ nínú yín láàmú, torí náà mo ti sún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ àna sí oṣù tó ń bọ̀, ẹ má bínú. Tíṣà yìí ló kọ́kọ́ kọ̀wé, òun náà la máa fi ṣáájú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kí wọ́n lè gbà pé kí àwọn ọmọ má mú fóònù wọ kíláàsì mọ́, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́jọ, gbogbo ìwádìí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kó síbẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo kà á sétí ìyàwó mi, mi ò tíì ṣí ojú ìwé kẹta tí oorun fi gbé e lọ. Kí ni mo ṣe tí ò da? – Tíṣà Tí Ò Fẹ́ Ẹ̀tẹ́

Ìdáhùn: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín, ó ti jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí àwọn òbí yẹn ì bá fi hàn yín ní gbangba. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, ọ̀rọ̀ nípa fóònù ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sí òbí. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ká wá sọ̀rọ̀, a ó sáré kó gbogbo ohun tá a mọ̀ nípa nǹkan náà jọ, ìgbà tó bá ku ọ̀la la máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn kan máa jókòó síbẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ gbé ojú ìwé mẹ́jọ yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ mú bébà òfìfo, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn wo gan-an ló ń bọ̀, kí ni wọ́n ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ni wọ́n ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n máa pàdánù tí wọ́n bá gbọ́ tiyín, kí ló sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ òbí ò ra fóònù fọ́mọ torí kó lè máa fi ṣeré, wọ́n rà á kí wọ́n lè máa rí i pè ni. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìṣẹ́jú méjìdínlógún ṣàlàyé bí fóònù ṣe ń dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́, ìyá tó jókòó níwájú á máa mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni "tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ sọ́mọ mi ńkọ́?", tẹ́ ò bá sì tíì dáhùn ìyẹn, kò sóhun míì tó máa wọlé sí i létí.

Ẹ wò ó, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé báyìí lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ìwádìí fi hàn pé fóònù máa ń gba àfiyèsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ilé ìwé ti pinnu pé…" Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ báyìí ńkọ́: "Gbogbo wa tá a wà níbí la fẹ́ mọ̀ pé àlàáfíà lọmọ wa wà látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Nọ́ńbà ọ́fíìsì wa rèé, ẹnì kan á wà nídìí ẹ̀ títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi lọ sílé. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tójú mi ń rí ní kíláàsì." Ibi kan náà lẹ ń lọ o, àmọ́ ẹ ti gbé ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ìyá yẹn kẹ́ ẹ tó dárúkọ fóònù rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwádìí kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ kó jọ, èyí tó yé ẹ̀yin fúnra yín dáadáa débi pé tí wọ́n bá bi yín léèrè nípa ẹ̀ ẹ ò ní máa wo òrùlé. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì.

Tẹ́ ẹ bá ní báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ẹ bi wọ́n ni. Ẹ dá òbí mẹ́ta mẹ́rin dúró nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó máa ṣàtakò. Ẹ bèèrè aago tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú yín, àti bóyá ibiṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀ tààrà, torí ẹni tó ti rẹ̀ tébi tún ń pa ò lè gbọ́ ogún ìṣẹ́jú, ẹ fún un ní méjìlá kẹ́ ẹ fi èyí tó kù gba ìbéèrè. Ohun kan tún wà: nínú àwùjọ èyíkéyìí, àwọn kan ti gbà kẹ́ ẹ tó lanu, àwọn kan ò sì ní gbà láéláé. Àwọn tó wà láàárín lẹ torí ẹ̀ wá. Tó bá jẹ́ ojú àwọn tó ń mirí nìkan lẹ ń wò, ẹ máa rò pé ó ti parí, ìgbà tí wọ́n bá nawọ́ dìbò lẹ máa mọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ n lẹ́ o sà. Níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan tí ibiṣẹ́ rán wa lọ, wọ́n ní pásẹ́ǹtì 7 péré lọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ nínú ohun táwọn èèyàn ń gbà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn ni 38, ojú àti ara ni 55. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí wá ni mò ń jókòó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún? – Oníyèméjì

Ìdáhùn: Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò já mọ́ nǹkan, ó sì yé yín.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àtọwọ́dá o. Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló ṣe ìwádìí tó bí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1967. Àmọ́ nǹkan kékeré ni wọ́n ń wá: tí ohùn tàbí ojú ẹnì kan bá ń sọ nǹkan tó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀, èwo lèèyàn máa fi mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àbí kò fẹ́ràn ẹ̀. Ó tán. Mehrabian fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ síta pé tí kì í bá ti ṣe ọ̀rọ̀ nípa bí nǹkan ṣe rí lára èèyàn, kí wọ́n má lo nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ìdálẹ́kọ̀ọ́ ò kà débẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè mú nínú ẹ̀ ò ju pé tẹ́ ẹ bá ń sọ pé inú yín dùn láti wà níbí tójú yín sì le koko, ojú yín ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ jàre.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń kọ ọ́. Níbi ìpàdé àdúgbò wa, mo dìde, mo ní ó yẹ kí gbogbo ilé dáwó ká fi iná sí títì tiwa, torí látìgbà tí wọ́n ti fi iná sí títì kejì, olè ti dínkù níbẹ̀. Mi ò tíì jókòó tí ọkùnrin kan fi ní "èyí tí ò tíì san owó àdúgbò tọdún yìí, òun ló ń dá owó míì lé wa lórí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi tíì san, ọ̀rọ̀ iná sì kú síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ò wúlò mọ́ ni? – Ẹni Tí Wọ́n Fi Rẹ́rìn-ín

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ká kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yẹn, mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ kí n bú. Ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ad hominem ni wọ́n ń pè é lédè Látìn. Bẹ́ ẹ sanwó o, bẹ́ ò sanwó o, títì yín ò mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má lọ dìde nípàdé tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ máa pariwo ad hominem, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín ni. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tọ́rọ̀ ẹ̀ fi wọlé. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìsì tó kú lọ́dún 322 ṣáájú ìbí Jésù, ní ohun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fi ń yí èèyàn lọ́kàn padà: irú ẹni tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi hàn pé òun jẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ethos, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí lára àwọn tó ń gbọ́, pathos nìyẹn, àti àlàyé fúnra ẹ̀, ìyẹn logos. Logos lẹ gbé lọ, ethos ló fi lù yín, torí ẹni tó bá fẹ́ ká dáwó, ohun tá a máa kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá òun náà ń dá a.

Aristotle yìí kan náà ló tún pín ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta: ti kọ́ọ̀tù, tó ń wo ohun tó ti kọjá, ta ló jẹ̀bi, ti ìgbìmọ̀, tó ń wo ọ̀la, kí ló yẹ ká ṣe, àti ti ìyìn tàbí ẹ̀gàn, tó ń wo òní. Ọ̀rọ̀ ọ̀la lẹ gbé wá, ọkùnrin yẹn sọ ìpàdé di kọ́ọ̀tù, ẹ̀yin náà sì tẹ̀ lé e wọlé, ẹ ń rojọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀: "Òótọ́ ni, mi ò tíì san, mò ń san án lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ títì wa máa ṣókùnkùn lálẹ́ òní, ṣé ká jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìdí tẹ́ ò fi san kún un, bó ti wù kí ìdí náà lágbára tó.

Ó wá ku tiyín, torí àlàyé yín náà ní ihò. Ẹ ní látìgbà tí iná ti dé títì kejì lolè ti dínkù. Pé nǹkan kan tẹ̀ lé òmíràn ò fi hàn pé òun ló fà á. Ṣé wọn ò gba ọdẹ tuntun lásìkò yẹn? Ṣé kì í ṣe gbogbo àdúgbò lolè ti dínkù, títí kan títì tí ò níná? Tẹ́ ẹ bá rí títì kan tí ò níná tólè ò sì dínkù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, gbólóhùn kan péré ló sì máa gbà yín.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Stephen Toulmin, ọ̀mọ̀ràn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé lọ́dún 1958 pé láàárín ẹ̀rí téèyàn mú wá àti ohun tó fẹ́ ká gbà, ohun kan wà tó dà bí afárá, ọ̀pọ̀ ìgbà la ò sì ní dárúkọ ẹ̀ rárá. Ẹ wo tiyín. "Iná dín olè kù níbẹ̀, ó máa dín in kù lọ́dọ̀ wa": afárá tó wà níbẹ̀ ni pé olè ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ta ló máa jiyàn ìyẹn? Kò yẹ kẹ́ ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ jáde, àwọn tó ń gbọ́ á fi kún un fúnra wọn, ohun táwọn èèyàn bá sì fúnra wọn parí lọ́kàn wọn, wọn kì í fẹ́ jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kejì, "torí náà kí gbogbo ilé dáwó", afárá tiẹ̀ ni pé ohun tó bá ṣe títì kan lóore, gbogbo àdúgbò ló yẹ kó san án. Ṣé àwọn tó ń gbé títì kejì gba ìyẹn gbọ́? Wọ́n ti níná tiwọn! Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ibi tí ẹ̀rín yẹn ti kọ́kọ́ dún, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti lo gbogbo àkókò yín, bóyá kẹ́ ẹ rán wọn létí ẹni tó dáwó iná tiwọn nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ àwọn nìkan ló dá a, ẹ má bèèrè owó lọ́wọ́ wọn, ẹ bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n há ọ̀rọ̀ mi sórí ni àbí kí n kà á látinú bébà? Díbéètì ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. – Agbọ́rọ̀nù

Ìdáhùn: Àbúrò mi, há ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sórí, kí àárín jẹ́ kókó mẹ́rin márùn-ún lórí bébà kékeré. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ bíi Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńlá, pín iṣẹ́ yìí sí márùn-ún: wá ohun tó o máa sọ, tò ó, yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu, fi sọ́rí, lẹ́yìn náà sọ ọ́ síta. Wo ibi tí "fi sọ́rí" wà. Ohun tó ò bá tíì tò dáadáa ló máa ń sá lọ lórí. Àwọn kan máa sọ fún ẹ pé Martin Luther King, tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, gbójú kúrò lára bébà lọ́jọ́ 28 August 1963 ní Washington, ibẹ̀ ló sì ti wọ ọ̀rọ̀ àlá tí gbogbo ayé mọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ti sọ ọ̀rọ̀ àlá yẹn ní Detroit lóṣù June ọdún kan náà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ ẹ̀ nídìí máíkì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ kan, MC ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ọjọ́ orí mi ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n kọ̀? – Àgbà Kan

Ìdáhùn: Ẹ má kọ̀ ọ́, bàbá. Lọ́jọ́ 19 November 1863, ní Gettysburg ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ya ibi ìsìnkú àwọn sójà sí mímọ́, Edward Everett ni olùsọ̀rọ̀ àgbà, nǹkan bíi wákàtí méjì ló lò. Lincoln tó jẹ́ ààrẹ dìde lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò ju nǹkan bí 270 lọ, ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì Everett fúnra ẹ̀ kọ̀wé sí i pé inú òun ì bá dùn ká ní òun sún mọ́ kókó ọjọ́ náà ní wákàtí méjì bí Lincoln ṣe sún mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fi Everett ṣẹ̀sín o, ọ̀rọ̀ gígùn làwọn èèyàn wá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun tí wọ́n wá gbọ́ náà ló fún wọn. Àwọn tiyín ńkọ́, kí ni wọ́n wá ṣe? Tó bá jẹ́ oúnjẹ àti ijó ni, ẹ sọ ìtàn kan nípa ẹni tí wọ́n ń ṣayẹyẹ fún, ìtàn tí ẹlòmíì níbẹ̀ ò mọ̀, kẹ́ ẹ sì dá máíkì padà ní ìṣẹ́jú kẹrin. MC yẹn ò ní gbàgbọ́.