Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tai Chi àti ìjàkadì, ẹbí ni wọ́n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Wọ́n ní "ìjà inú" ni Tai Chi, ìjà ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, pé "ìjà òde" ni tiwa. Kí ni ìyàtọ̀ gan-an?

Orúkọ yẹn ti pẹ́, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ní 1669, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà kan, Huang Zongxi, kọ ọ̀rọ̀ ibojì fún Wang Zhengnan, tó jẹ́ oníjà. Ibẹ̀ ló ti ya ìjà "inú" sọ́tọ̀ kúrò lára ti Shaolin, tẹ́ńpìlì Búdà tó lókìkí fún ìjà, èyí tó pè ní ti "òde". Kò dárúkọ Tai Chi níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn 1900 ni àwọn bíi Sun Lutang (1860–1933), tó mọ Tai Chi àti ìjà Ṣáínà méjì mìíràn, Xingyi àti Bagua, dájú, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, "ìjà inú".

Abúlé ìdílé Chen ní ìpínlẹ̀ Henan ni Tai Chi ti jáde. Púpọ̀ nínú orúkọ ìdúró tí wọ́n ń lò níbẹ̀ wà nínú ìdúró 32 tí ọ̀gágun Qi Jiguang kọ sínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìjà ológun ni, kì í ṣe awo.

Ibi tí Tai Chi àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ látorí báàgì àti ìyára. Tai Chi bẹ̀rẹ̀ látorí ìdúró jẹ́ẹ́ àti ìrìn pẹ̀lẹ́, kí èjìká lè rọ̀, kí agbára máa ti gìgísẹ̀ gba ìbàdí dé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún yín tó bá wúwo, ṣebí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn náà ló ti ń wá?

Ẹ ti kọ ọ́ rí pé Tai Chi bá ìjàkadì tan ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Báwo?

Ẹ wo tuishou, ìyẹn ìdánrawò títi ara ẹni. Èèyàn méjì á fi ọwọ́ kan ara wọn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ yẹ̀ ló pàdánù. Ẹ jẹ́ ká mú lü, fífa ọ̀tá kọjá, yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín wà níwájú. Ọ̀tá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti àyà yín. Ẹ fi ẹ̀yìn ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún yín kan tirẹ̀, ẹ má dì í mú. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé òkè ìgúnpá rẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe ń tì, ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí ìbàdí sápá ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, òun náà á sì tẹ̀ síwájú lé e.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á kí ẹ tó jókòó, á mọ̀ ọ́n lára, á sì fi èjìká gbá yín láyà. Bí ẹ bá tẹ̀ sẹ́yìn, títì kan péré tó láti gbé yín ṣubú. Bí ìgúnpá yín bá lẹ̀ mọ́ ìhà, kò sí àyè láti yí; ẹ fi àyè tó gba ìkúùkù kan sílẹ̀ lábẹ́ abíyá. Orúnkún ẹ̀yìn ni kí ẹ ṣọ́ jù: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ ni kí òun náà dojú kọ. Bó bá ń wọ inú, ìrora ò ní pẹ́ dé.

Júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan, náà ń ba ìdúró ọ̀tá jẹ́ kó tó dá a; kuzushi ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n júdò parí iṣẹ́ náà, ó sọ èèyàn mọ́lẹ̀. Tuishou aláìgbẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú kan, dúró ní ìdajì ọ̀nà, àléébù rẹ̀ nìyẹn. Bagua ṣe dáadáa jù ú lọ níbí, nítorí pé Cheng Tinghua, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ti ń ja shuai jiao, ìjàkadì àwọn ará Ṣáínà, kó tó lọ kọ́ Bagua lọ́dọ̀ ọ̀gá Dong Haichuan.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi lu olùkọ́ Tai Chi kan bolẹ̀ ní ìlú Chengdu ní Ṣáínà lọ́dún 2017, tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú?

Ẹni tí alábàáṣe rẹ̀ máa ń bá a gbà, tí ẹnikẹ́ni kì í kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tọkàntọkàn, kò lè mọ bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń yára tó. Fọ́ọ̀mù 24 tó gbajúmọ̀ jù lọ, ìyẹn ìṣe 24 tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ìlera ni ìjọba Ṣáínà torí rẹ̀ ṣètò rẹ̀ ní 1956.

Ṣé ó máa ba ẹ̀ṣẹ́ mi jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ bí ẹ bá gbé ọwọ́ rẹ̀ wọ rìǹgì. Iwájú àyà ni ọwọ́ Tai Chi máa ń wà, àgbọ̀n yín á sì wà ní gbangba. Ẹ máa dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kó máa lọ sókè dé 10 díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe tuishou fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọwọ́ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan sì máa kàn yín ní ẹ̀ṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú 2.