"Arábìnrin mi, ìyàwó mi": ṣé ọmọ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ni?

Ìbéèrè: Nínú Orin Sólómọ́nì orí 4, ọkùnrin náà ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní "arábìnrin mi, ìyàwó mi". Ṣé ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀? Àbí torí pé Kristi àti ìjọ ni orin náà ń sọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Ẹ má sì tíì sáré dé ọ̀dọ̀ Kristi àti ìjọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni aḥoti kallah: aḥoti ni "arábìnrin mi", kallah ni "ìyàwó". Ẹ ó rí i ní 4:9, 10 àti 12, àti ní 5:1. Nígbà tó di 5:2, ó pè é ní "arábìnrin mi, olólùfẹ́ mi", látìgbà náà kò tún pè é ní arábìnrin mọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé orúkọ ìfẹ́ lásán ni, kó ṣí 8:1. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló ń kẹ́dùn níbẹ̀: ì bá wù ú kí ọkùnrin yìí dà bí arákùnrin rẹ̀ tó mu ọmú ìyá rẹ̀, kó lè fẹnu kò ó lẹ́nu ní ìta gbangba láìsí ẹni tó máa fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó ti jẹ́ arákùnrin èèyàn tẹ́lẹ̀, ta ní í tún máa fẹ́ kó dà bí arákùnrin òun? Léfítíkù 18:9 pàápàá ti ka irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ bàbá, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá.

Àwọn ará Íjíbítì ti ń kọ orin ìfẹ́ sórí pápírù ní ohun tó ju 1100 ọdún lọ kí wọ́n tó bí Jésù. Nínú àwọn orin wọ̀nyẹn, "arábìnrin" àti "arákùnrin" ni olólùfẹ́ fi ń pe ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn pápírù náà ṣì wà ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Nínú ìwé Tóbítì tí àwọn Kátólíìkì ń kà, Tóbítì arúgbó ń pe aya rẹ̀ ní arábìnrin.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa. Ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ṣì ń wọ́ nílẹ̀ ní "ọkọ mi". Ọmọbìnrin ilé ọkọ náà, "ọkọ" ni. Ìyá àgbà ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní "ọkọ mi", kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Kallah gan-an bá "ìyàwó" tiwa mu: ìyàwó tuntun ni, aya ọmọ ẹni sì ni. Òun náà ni ìwé Rúùtù fi pe Rúùtù lọ́dọ̀ Náómì, bí ìyá ọkọ níbí ṣe ń sọ pé "ìyàwó mi ti dé".

(Ẹlòmíràn á ní Ábúráhámù ńkọ́? Ti Sárà yàtọ̀. Ní Jẹ́nẹ́sísì 20:12, Ábúráhámù ní ọmọ bàbá òun ni lóòótọ́. Ẹ̀rù kí wọ́n má pa á ló sì mú un pè é ní arábìnrin, kì í ṣe ìfẹ́.)

Ó wá ku ìtumọ̀ ti ẹ̀mí. Rábì Akiva, olùkọ́ Òfin àwọn Júù tó kú ní nǹkan bí ọdún 135, ní gbogbo ìwé mímọ́ ló mọ́, ṣùgbọ́n orin yìí ni mímọ́ jùlọ nínú mímọ́. Ó tún fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń kọ ọ́ nílé àsè, ìyẹn ni pé àwọn kan ń kọ ọ́ níbẹ̀. A kì í dá èèyàn lẹ́kun ohun tí kò ṣe. Àwọn rábì tún rí i pé aḥoti jọ ọ̀rọ̀ Hébérù kan tó túmọ̀ sí kí a rán aṣọ méjì pọ̀. Wọ́n ní Ísírẹ́lì ni "arábìnrin", tí a rán mọ́ Ọlọ́run ní Íjíbítì pẹ̀lú àṣẹ méjì: ẹ̀jẹ̀ Ìrékọjá àti ẹ̀jẹ̀ ìkọlà. Irú eré ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀, níbi tí orúkọ ewé ti ń pe iṣẹ́ tó máa ṣe. Abájọ tí àwọn Júù fi ń ka orin náà nígbà Ìrékọjá.

Kristi àti ìjọ náà kò burú lójú mi, bí a bá ti gbà pé orí ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n gbé òwe náà lé. Ẹni tó kánjú fo ìfẹ́ náà kò ní rí ohun tí yóò fi pa òwe. Bernard ti Clairvaux, olórí ilé àwọn mọ́ńkì ní Faransé, kò kánjú ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí orin yìí ní 1135, ó ṣe ìwàásù 86, nígbà tí ọlọ́jọ́ sì dé ní 1153, ìbẹ̀rẹ̀ orí 3 ló ṣì wà. Kò dé ọ̀dọ̀ "arábìnrin mi" rárá.